Oríkì Ìkànnì Tí Kì Í Dáni Lóhùn

Ìkànnì ilé iṣẹ́ ńlá ní Lomé, mo wá kì ọ́.
Arẹwà-má-dáhùn,
Ayíbírí-má-ṣí,
Ajẹ-dátà-má-jíṣẹ́,
Ọmọ owó rẹpẹtẹ tó bọ́ sápò ẹni díẹ̀.
O lójú, o ò létí.
O lẹ́nu, orúkọ ọ̀gá nìkan lo mọ̀ ọ́n pè.
Wọ́n bi ọ́ ní aago tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn, o fi fọ́tò àpéjọ dáhùn.
Wọ́n bi ọ́ ní iye owó, o ní kí wọ́n wá ka ìtàn ìdásílẹ̀.
Wọ́n bi ọ́ lọ́nà, o gbé àwòrán ilé sí wọn lójú.
Akéde-ara-rẹ̀-fún-ara-rẹ̀,
Mo kí ọ, mo tún ọ kí.

Ẹni tó bá ń fetí sí oríkì ìran wa dáadáa mọ̀ pé kì í ṣe ìwà rere nìkan ló wà níbẹ̀. Bí baba ńlá ẹnìkan bá ya ọ̀lẹ, bó bá jẹ gbèsè tó sá lọ, akéwì á gbé e wọ inú oríkì, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Gbogbo orúkọ tí mo fi pè ọ́ yìí, ìwà rẹ ló bí i. N kò dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan mọ́ ọ, nítorí ẹ pọ̀, ojú yín sì jọra. Bí mo bá pe ọ̀kan ṣoṣo, ogún ni yóò jẹ́ mi lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi í hàn yín bó ṣe rí gan-an. Ìyá kan wà ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé, tó ń ta aṣọ. Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀ ti wá, Lomé ni wọ́n bí òun sí. Ó fẹ́ lọ ṣe ìwé kan ní ilé iṣẹ́ kan, ohun mẹ́ta ló sì fẹ́ mọ̀ kí ó tó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ìwé wo ni kí òun kó dání, èló ni wọn yóò gbà, aago mélòó ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀ wà."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú fóònù funfun báláú. Nǹkan róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Oníbàárà kan dé, ó fọwọ́ kan àǹkárá, ó nájà, ó sanwó, ó lọ. Nǹkan róbótó náà ṣì ń yí. Nígbà tí ojú ewé là, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ kóòtù ló kọ́kọ́ yọ, wọ́n mú àlùmọ́gàjí dání, ríbọ́nù wà níwájú wọn. Kí n tó rí ibi tí mo lè tẹ̀, wọ́n ti sún lọ, gbọ̀ngàn àpéjọ kan rọ́pò wọn. Gbọ̀ngàn náà sún lọ, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yọ, lóru, pẹ̀lú iná mẹ̀rìyẹ̀rì. Lábẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá àgbà wà, gbọọrọ, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, ó sọ ohun tí ilé iṣẹ́ ń lépa, ó kí gbogbo àlejò káàbọ̀. Kò sọ aago kankan.

Ìwé tí à ń wá wà lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ kan, tó wà lábẹ́ òmíràn, tó tún wà lábẹ́ òmíràn. PDF ni. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya ìwé títẹ̀ náà ní wíwọ́, òǹtẹ̀ pupa sì jókòó pa síbi tí iye owó yẹ kó wà. Dátà ìyá náà tán kí ojú ewé kejì tó sọ̀ délẹ̀.

Ó gun zémidjan, ọ̀kadà Lomé, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n lẹ ìwé kan tí ẹnìkan fi báírò kọ: àwọn ìwé tí èèyàn gbọ́dọ̀ mú wá, iye owó, aago tí wọ́n ń ṣí àti aago tí wọ́n ń pa dé. Ìlà díẹ̀ ni, lẹ́tà gàdàgbà gadagba. Ó hàn gbangba pé ó ti sú ẹni tó kọ ọ́ láti máa dáhùn ìbéèrè kan náà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló yẹ kí wọ́n gbé iṣẹ́ ìkànnì náà lọ. Òun ló mọ ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè. Ẹni tó kọ́ ìkànnì kò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá tó sanwó kò bi í, ìwé orí ògiri sì borí iṣẹ́ tí wọ́n ná mílíọ̀nù sẹ́fà lé lórí.

Ìwé orí ògiri yìí ni ìwọ̀n tí mo mú dání. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ mọ ìkànnì tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, kí ó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń bi ọ̀gá sìkúríítì léèrè. Lẹ́yìn náà kí ó ṣí ìkànnì, lórí fóònù kékeré, pẹ̀lú dátà tó fi owó ara rẹ̀ rà, kí ó wá ìdáhùn kan náà. Bí kò bá rí i níbẹ̀, kò sí àwọ̀ tàbí fọ́tò tó lè gba ìkànnì náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá lójúlé, ọ̀rọ̀ ọ̀gá nílé,
Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó gùn ju orúkọ ìlú lọ.
Ọ̀gá kan lọ, fọ́tò rẹ̀ kò lọ.
Ọ̀gá kan dé, wọ́n wó ọ, wọ́n tún ọ kọ́.
Àdírẹ́sì àná dòkú, ti òní kò tíì jí.
Akú-jí-akú, ìkànnì ọdọọdún,
Ìròyìn tuntun rẹ ti hu irùngbọ̀n.
O ní "ẹ padà wá láìpẹ́," ọmọ tó gbọ́ ọ nígbà náà ti ń fá irun àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n wó o tí wọ́n tún un kọ́ yìí dùn mí ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ní 1998, Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kọ ọ́ pé kò yẹ kí àdírẹ́sì ojú ewé máa yí padà, pé ojúṣe ẹni tó bá fi àdírẹ́sì síta ni láti dúró tì í fún ọdún púpọ̀. Ó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ó ti sọ ọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀gá tuntun bá ti gorí àga, ohun àkọ́kọ́ tó ń fẹ́ ni ìkànnì tuntun, tí yóò gbé ojú tirẹ̀ jáde. Àwọn agbẹjọ́rò tó ti fi àdírẹ́sì àtijọ́ sínú ìwé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi sínú iṣẹ́ àṣejáde wọn, àwọn oníròyìn tó tọ́ka sí i, gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́, ohun tó sì pàdé wọn ni 404: ojú ewé náà kò sí mọ́. Àwọn ìwé ìjọba tí a ti san owó orí sí ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, nǹkan tó sì burú ni.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ dé ibi báyìí, ẹnìkan a máa sọ pé Togo kékeré ni, pé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló lọ́ra. Rárá o. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2022, wáyà abẹ́ òkun Google tó ń jẹ́ Equiano gúnlẹ̀ sí Lomé, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ fara kan ilẹ̀ Áfíríkà nínú ìrìn àjò rẹ̀ láti Pọtogí lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ Olaudah Equiano ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó ra òmìnira ara rẹ̀ kúrò lóko ẹrú, tó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní London ní 1789. Kí Equiano tó dé, wáyà WACS ti ń ṣiṣẹ́ ní Lomé láti 2012. Wáyà méjèèjì kò lè ran fọ́tò rìbìtì tí wọ́n gbé láti inú kámẹ́rà sórí ìkànnì láìgé e kù, láìsọ ọ́ di fúyẹ́, lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti fún un pọ̀. Ẹni tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, nínú ọ́fíìsì tí wáífáì wà, ló ti wò ó, ó rí i pé ó sáré, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Àìní ọlọ́gbọ́n kọ́ sì ni. Ní WoeLab, ilé ìdánwò ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Lomé, Afate Gnikou fi àwókù kọ̀ǹpútà àti ìtẹ̀wé kọ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní 3D ní 2013, ayé gbọ́. Ilé iṣẹ́ Gozem bẹ̀rẹ̀ ní Lomé ní 2018, ó so ẹni tó ń wá ọ̀kadà pọ̀ mọ́ ẹni tó ń gùn ún, lórí fóònù. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wà ní ìlú yìí. Wọn kì í pè é ni.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìkànnì káàkiri ayé ti ní ìwọ̀n tiwọn, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀gá wa mọ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn wọ́n jẹ. Google ní kí ohun tó tóbi jù lọ lójú ewé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Àwọn W3C, tí wọ́n ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ti sọ láti 2008 nínú ìlànà WCAG 2.0 wọn pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ lẹ́tà tí kò tóbi àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 4.5 sí 1, pé kí àwòrán tó bá gbé ìtumọ̀ sì ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè kà sí afọ́jú létí. Ẹ mú fóònù jáde sínú oòrùn ọ̀sán ní etíkun Lomé, kí ẹ ka lẹ́tà eérú lórí funfun, ẹ ó mọ̀ pé àwọn tó ṣe ìlànà yẹn ro ti ẹni tójú rẹ̀ ń ríran pàápàá. Jakob Nielsen, ọ̀gá nínú ìmọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń rọrùn láti lò, kọ ìlànà mẹ́wàá jáde lórí rẹ̀ ní 1994. Ní 2000 ó tún kọ ọ́ pé bí èèyàn márùn-ún péré bá jókòó lo ìkànnì kan lójú ẹ, wàá rí nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àbùkù rẹ̀. Èèyàn márùn-ún! Kò sí ìsọ̀ tí kò kó márùn-ún jọ ní Assigamé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni mo fẹ́ dúró lé. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń gbé ìwé jáde lórí bí ìjọba orílẹ̀-èdè 193 ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ará ìlú. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n ń pa pọ̀: iṣẹ́ tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀, àti ẹ̀kọ́ àwọn èèyàn. Fún ìdá àkọ́kọ́, àwọn olùwádìí a wọ inú ìkànnì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi ara wọn sí ipò ará ìlú lásán. Ibẹ̀ dára, mo kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n mú dání, "ó wà" tàbí "kò sí" ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣé ibi tí èèyàn ti lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wà? Ó wà, wọ́n fún un ní máàkì. Ẹnikẹ́ni kì í dúró wò ó bóyá ẹnìkan máa ka ìwé náà. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì fi lè gba máàkì ní New York kí ó sì dákẹ́ ní Lomé. Tí àpótí ìkọ̀wé bá wà, tí ohun tí a kọ sínú rẹ̀ bá lọ sí àdírẹ́sì yahoo kan tí ẹni tó ni ín ti fẹ̀yìn tì, èwo ni ká pè é? Èmi ò pè é ní iṣẹ́.

Ti àwọn yunifásítì tún wà. Ní 2004 ni àwọn olùwádìí CSIC ní Spéìnì bẹ̀rẹ̀ sí í to yunifásítì ayé lẹ́sẹẹsẹ nínú Webometrics, wọ́n ń wo bí àwọn ìkànnì mìíràn ṣe ń tọ́ka sí wọn àti bí iṣẹ́ ìwádìí wọn ṣe ṣí sílẹ̀ fún ayé. Ó ti mú kí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Áfíríkà gbé iṣẹ́ wọn síta, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò bac ní Atakpamé, tó ń wá iye owó ìforúkọsílẹ̀ àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì, kò sí nínú ìwọ̀n yẹn rárá.

Àbí kí la fẹ́ fi wọn ìkànnì yunifásítì bí kò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 2020, Lomé fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dáni lóhùn. Àrùn kòrónà ti dí òwò àti ìrìn lọ́wọ́, àwọn tó ń jẹun ojúmọ́ kò rí ojúmọ́ jẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ìjọba Togo, lábẹ́ ilé iṣẹ́ mínísítà Cina Lawson, bẹ̀rẹ̀ ètò Novissi. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣí ìkànnì. Èèyàn á tẹ *855# lórí fóònù èyíkéyìí, títí kan èyí tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì wò ó bóyá iṣẹ́ rẹ̀ wà lára èyí tí àrùn dí lọ́wọ́. Bó bá yege, owó á wọlé sórí fóònù náà: 12,250 sẹ́fà lóṣù fún obìnrin, 10,500 fún ọkùnrin, tí wọ́n pín sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì rí owó gbà láìtò sórí ìlà, láìmọ ẹnikẹ́ni, láìrí fọ́tò ọ̀gá kan. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e dé àwọn abúlé tó tòṣì jù lọ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ GiveDirectly àti àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Berkeley tí wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì àti ìlò fóònù mọ ibi tí ìyà ti pọ̀ jù. Novissi kò rí bí ìkànnì, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń wọn ìkànnì. Ìbéèrè ẹni tó wá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wá gbà.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún wà lórí wẹ́ẹ̀bù fúnra rẹ̀. Ìjọba ti kó àlàyé iṣẹ́ ìjọba jọ sójú kan ní service-public.gouv.tg. Ojú ewé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ ìwé tí èèyàn máa mú wá, iye owó rẹ̀, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ìbéèrè tí ìyá Assigamé béèrè náà nìyẹn. Mo kan sáárá sí ẹni tó ronú rẹ̀. Tí ìjọba bá lè to nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ló di ilé iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan tàbí méjì péré ni wọ́n ń ṣe fún aráàlú?

Ìyá aláṣọ kò ní jẹ́ kí o dúró sójú ìsọ̀ títí tí o ó fi mọ iye ọ̀pá kan. Bó bá rí ojú rẹ lára léèsì, ó ti dá owó rẹ̀ lé e, ó ti sọ ibi tó ti wá, ó ti ní kí o fọwọ́ kàn án. Àwọn Nana Benz, àwọn obìnrin oníṣòwò àǹkárá Lomé tí òkìkí wọn kàn dé Kinshasa, òwò aṣọ báyìí ló sọ wọ́n di olówó. Iṣẹ́ ìsọ̀ ni iṣẹ́ ìkànnì. Ẹni tó wá gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà, iye tó jẹ́, àti ẹni tó máa dá a lóhùn.

Lomé kì í sì í ṣe ìlú tó lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni BOAD, báǹkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, wà, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni báǹkì ECOWAS tó ń jẹ́ BIDC wà, ibẹ̀ ni wọ́n dá Ecobank sílẹ̀ sí ní 1985, ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ASKY ti ń gbéra láti oṣù Kìíní 2010. Èbúté rẹ̀ jìn tó kí ọkọ̀ ojú omi ńlá ó gúnlẹ̀, ẹrù Burkina, Niger àti Mali ń gba ibẹ̀ kọjá. Oníṣòwò tó wà ní Niamey, agbẹjọ́rò tó wà ní Cotonou, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn, ìkànnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí Lomé. Ẹni tí kò rí ìdáhùn níbẹ̀ á kó ẹrù rẹ̀ gba Cotonou tàbí Tema, kò sì ní wá sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tó fi lọ. Àdánù yẹn kì í wọ inú ìwé ìṣirò, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kò fi mọ̀ pé òun ń pàdánù.

Anífáránsé-nìkan-lẹ́nu, mo tún ọ kí.
Ewe gbé e dé, o ò gbọ́.
Kabiyè gbé e dé, o ò gbọ́.
Ànàgó tó ń san owó orí gbé e dé, o wojú rẹ̀ bí àlejò.
O ní wọ́n lè ka gbogbo rẹ̀ ní èdè òyìnbó:
Mo tẹ àsíá Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ló tún yọ.
Alásíá-púpọ̀-elédè-kan.

Faransé ni èdè ìjọba ní Togo, òfin ni, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ewe àti Kabiyè ni wọ́n gbé ga gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ohùn ọjà Lomé kò mọ òfin. Ewe, Mina, Kotokoli, Hausa, Yorùbá àti Faransé ọlọ́jà ń gba ara wọn kọjá ní Assigamé láti àárọ̀. Àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé ń sọ èdè tó jẹ́ ọbàkan tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ní ọjà kì í kàwé, síbẹ̀ kò sí ìyá kan tí kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí kì í tẹ̀ ẹ́, kí ó tún un gbọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà ti là níbẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ Ewe ka ìwé orí ògiri yẹn sínú fóònù, kí ẹni tó gbọ́ Kabiyè kà á, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà á, kí wọ́n gbé ohùn náà sójú ewé. Ohùn ìṣẹ́jú kan fúyẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ríbọ́nù yẹn. N kò mọ ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ àfi pé kò ní wu ọ̀gá ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò. Ilé iṣẹ́ a máa ra ìkànnì fún ọjọ́ kan: ọjọ́ tí wọ́n máa tan án sójú ògiri nínú gbọ̀ngàn, tí àwọn oníròyìn máa ya fọ́tò, tí wọn yóò pín ohun mímu. Gbogbo ìwé àdéhùn dúró lórí ọjọ́ yẹn. Ẹni tó máa tún iye owó kọ nígbà tí ìjọba bá yí i padà kò sí nínú àdéhùn. Ẹni tó máa san owó àdírẹ́sì lọ́dọọdún kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkànnì ṣe ń kú ní ọ̀sán gangan tí ẹnìkan á sì ní àwọn onídìtẹ̀ ló pa á. Àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ ìkànnì náà nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn fún un, lójú ògiri gbọ̀ngàn ni wọ́n ti rí i. Wọn ò tíì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n fún ẹni kan náà ní fóònù kan náà, kí wọ́n ní, "Ìyá, ẹ bá wa wá iye owó rẹ̀," kí wọ́n sì máa wo aago.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ní Lomé fún nìyí, ẹ̀bẹ̀ tó ti ọkàn mi wá ni. Ẹ má san owó náà tán. Ẹ mú ìdajì rẹ̀ dání. Ẹ mú ìkànnì tuntun náà lọ sí Assigamé, lórí fóònù tí wọ́n ń tà ní Dékon fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká olówó ńlá. Ẹ wá èèyàn márùn-ún: ẹni tó kàwé, ẹni tí kò ka púpọ̀, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀dọ́mọdé kan, àjòjì kan. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta tó wà lára ògiri yín lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bá wọn tẹ nǹkan, ẹ má tọ́ka. Bí wọ́n bá rí ìdáhùn kí sùúrù wọn tó tán, ẹ san ìyókù fún oníṣẹ́ náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, kí ó padà lọ tún un ṣe. Kí ìwé àdéhùn sì dárúkọ òṣìṣẹ́ kan nínú ilé iṣẹ́ tí yóò máa yí iye owó padà lọ́jọ́ tó bá yí, tí yóò máa ka ohun tí àwọn èèyàn bá kọ ránṣẹ́, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lókè ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí fọ́tò ríbọ́nù wà tẹ́lẹ̀, kí ó sì máa gbé e.